Ojú Tí A Fi Ń Wo Àlòkù Irin

Bí wọ́n bá da àpò àlòkù irin sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ wa ní Ṣakí, ariwo rẹ̀ nìkan á ti sọ ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Irin lásán á ké ganran. Alumíníọ̀mù kì í ké bẹ́ẹ̀, ohùn tirẹ̀ a máa lọ sílẹ̀. Síńkì á bọ́ gbì, á sì jókòó sójú kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ojú á tó dá sí i. Písítìnì ọkọ̀ akẹ́rù rèé, ó ti dúdú kirikiri. Ìdajì férémù fèrèsé rèé, ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti lu, agolo ọtí tí táyà ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, ìdérí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, wáyà, àti nígbà mìíràn bàtà ọmọdé kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe débẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé àpò náà wá kò mọ èyí tó níyì nínú wọn yàtọ̀ sí èyí tí kò níyì. Kílò ló fi rà á lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn mẹkáníìkì, kílò náà ló sì fẹ́ fi tà á. N kò bá a wí. Bí ọjà tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Tèmi ni pé kí n jókòó ti òkìtì náà, kí n ti mágínẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, kí n máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa gbé wọn wò lọ́wọ́, kí n fi fáìlì ha wọn lára, kí n sì jù wọ́n sí ibi tó yẹ wọ́n. Àwọn tó ń wo iṣẹ́ ìkòkò dídà wa láti òkèèrè rò pé iná ni iṣẹ́ náà, torí iná ni wọ́n ń rí. Ta ni kò lè dá iná? Ṣíṣà ni iṣẹ́ adàkòkò. Ẹni tí kò bá mọ irin ṣà, bó ti wù kí ewìrì rẹ̀ lágbára tó, ìkòkò rẹ̀ á sán lórí ààrò oníbàárà, wọn á sì dá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Lóde òní, ó ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo rédíò ń sọ pé ọrọ̀ ń bẹ nínú pàǹtí. Inú mi a máa dùn tí mo bá gbọ́ ọ, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ojú ẹlẹ́gbin wo àwa tó ń jẹun nídìí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ tó sì dákẹ́ síbẹ̀ kò tíì débi ọ̀rọ̀. Ọrọ̀ ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Májèlé náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹrù olè náà ń bẹ níbẹ̀. Inú àpò kan náà ni gbogbo wọn jọ wà, wọ́n sì fara jọ ara wọn. Ìrètí tí mo ní nínú àlòkù kò sí lára àlòkù fúnra rẹ̀. Ó wà nínú pé a lè yà á sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí písítìnì, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó ṣe é níbẹ̀rẹ̀ po sílíkọ́ọ̀nù mọ́ alumíníọ̀mù rẹ̀ kó lè fara da ooru inú ẹ́ńjìnnì. Sílíkọ́ọ̀nù yẹn náà ló ń jẹ́ kó ṣàn geere nígbà tó bá yọ́. Ìkòkò wa kì í nípọn. Irin tó bá lọ́ra á ti dì kó tó dé ìsàlẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á sì wà lára ìkòkò tí omi á máa gbà jáde. Férémù fèrèsé àti wáyà iná ní tiwọn mọ́ ju písítìnì lọ fíìfíì, àdàlù inú wọn kò tó nǹkan, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé àwọn ló dára jù. Ṣùgbọ́n wọ́n rọ̀, wọn kì í sì í ṣàn bó ṣe yẹ. Nítorí náà la ṣe ń pò wọ́n pọ̀. Èyí tó mọ́ kì í jẹ́ kí ìkòkò tètè sán, èyí tó ní àdàlù ló ń gbé irin dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ka ìwé kankan nípa sílíkọ́ọ̀nù, kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ ó mọ iye písítìnì tó yẹ kó wọ inú ìyọ́ kan, ó sì lè wo ojú irin tó ń hó kó ní, “Ẹ fi ọ̀kan sí i.”

Agolo ọtí àti ti mínírà ló ń dunni jù. Ó wà káàkiri ìgboro, àpò ńlá kan rẹ̀ kò sì wọn nǹkan kan. Ó fẹ́lẹ́, ọ̀dà wà lára rẹ̀. Tó bá kan iná, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á ti jó di ìdàrọ́ kó tó yọ́. Ọ̀nà tí a rí sí i ni pé kí a kọ́kọ́ yọ́ èyí tó nípọn kó di adágún nínú ìkòkò ìyọ́rin, kí a wá fi ọ̀pá tẹ àwọn agolo náà rì sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa rí wọn jẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbẹ táútáú o. Ohun tí à ń bẹ̀rù jù nísọ̀ kì í ṣe iná, omi ni. Ẹ̀kán omi díẹ̀ tó bá wà nínú agolo, tó bá bọ́ sábẹ́ irin yíyọ́, á di ooru lójijì, á sì fọ́n irin náà sókè bí ìbọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun tí ẹnu rẹ̀ dì: agolo lọ́fíńdà afẹ́fẹ́, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, páìpù tí wọ́n ti tẹ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pa. A gbọ́dọ̀ lu ihò sí wọn lára kí wọ́n tó fojú kan iná. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ yára jù, èyí ni mo fi ń mú un wálẹ̀.

Inú yanrìn ni à ń da ìkòkò sí. Yanrìn etí odò tó ní amọ̀ díẹ̀ ni. A ó jọ̀ ọ́, a ó wọ́n omi sí i, a ó pò ó. Bó bá tó, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: èèyàn á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, á dì í mú, á tún là á. Tí ìlà ọwọ́ bá hàn lára rẹ̀ tí kò sì fọ́, ó ti tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti pọ̀ jù, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí omi ń ṣe. Ìkòkò tó ti wà tẹ́lẹ̀ la fi ń ṣe àwòṣe. A ó dojú rẹ̀ dé nínú àpótí onígi, a ó ki yanrìn sí i nínú àti lẹ́yìn, a ó gún un kó ki dáadáa, a ó sì gbọn eérú sí ibi tí apá òkè àti tìsàlẹ̀ ti pàdé kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà, a ó rọra ṣí i, a ó yọ ìkòkò àwòṣe kúrò, a ó sì tún àpótí náà dé padà. Àlàfo tó fi sílẹ̀ kò nípọn ju owó ẹyọ méjì tí a tò léra lọ. Ibẹ̀ ni irin yíyọ́ á gbà wọlé. A ó máa wo ihò èémí tí a lu sí yanrìn náà. Bí irin bá ti yọjú níbẹ̀, ìkòkò ti kún. Bó bá ti dì tán, a ó tú yanrìn náà ká, a ó gbé ìkòkò jáde, fáìlì á sì gbà á lọ́wọ́ wa. Yanrìn yẹn náà kì í ṣòfò, a ó tún jọ̀ ọ́ lò. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà èwe, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ìkòkò là ń fi bí ìkòkò.

Ìyá àgbàlagbà kan gbé ìkòkò ìyá rẹ̀ wá bá mi nígbà kan. Ìdí rẹ̀ ti lu, etí kan ti ya dà nù. Ẹlòmíràn á ti fi fún àwọn ọlọ́mọlanke, kí ó sì gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Òun ní kí n yọ́ ọ, kí n tún un dà, ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan.

“Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má pa á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.”

Mo sọ fún un pé tí mi ò bá pa á pọ̀, ìkòkò tuntun náà á kéré sí ti àtijọ́, torí iná á gba ìpín tirẹ̀.

“Kò burú,” ló dá mi lóhùn, “àwọn tó ń jẹun nílé náà ti dín kù.”

Mo yọ́ ọ lọ́tọ̀, nínú ìkòkò ìyọ́rin kékeré, ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ ọjà ti parí. Mi ò gba owó èédú lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí alumíníọ̀mù di ohun tí à ń jù nù. Ní 1884, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà parí ọwọ̀n gíga tí wọ́n kọ́ fún ìrántí George Washington, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ṣóńṣó orí rẹ̀. Irin ọ̀wọ́n ni nígbà náà, owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti fàdákà, torí ó ṣòro láti yọ ọ́ jáde láti inú ilẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1886, Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní Faransé, tí ẹnì kan nínú wọn kò mọ èkejì, rí ọ̀nà kan náà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́. Owó rẹ̀ já wálẹ̀. Irin náà kò yí padà, òun náà ló ṣì wà lórí ọwọ̀n yẹn títí dòní, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń ṣe agolo ọtí nísinsìnyí, àtẹ́lẹsẹ̀ là ń fi tì í sí kòtò.

Iná tí wọ́n ń ná sórí alumíníọ̀mù tuntun pọ̀ débi pé yíyọ́ àlòkù rẹ̀ kò gbà ju bíi ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó ju ìkòkò alumíníọ̀mù sí ààtàn, iná mànàmáná ló jù síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí a ti ń fi jẹnẹrétọ̀ sùn. Ìjọba wa náà gbìyànjú láti ṣe tuntun. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan sí Ikot Abasi, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997, kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́. N kò fi ṣẹ̀sín, ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwúlò tí ìsọ̀ wa kò lè rọ́pò. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń gbé ètò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí ibẹ̀ dákẹ́, ewìrì kò sinmi lẹ́bàá òkè Asabárí nílùú wa.

Àwọn baba wa kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó kọ́ wọn ní èyí. Nílé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ojúde àti ojú ọ̀nà láyé àtijọ́. Ìkòkò tó ti fọ́, tí obìnrin ilé ti gbá sọ nù, ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n tò lóròó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ́kípẹ́kí, ní ìlà-ìlà tó ń bára wọn lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta funfun láàárín wọn. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń bá a lábẹ́ ilẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà, òjò kò sì tíì gbé e lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi iṣẹ́ náà sọrí Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ẹni tí wọ́n ní kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan erùpẹ̀ lásán. Bó bá ṣe òun ni tàbí òun kọ́, ẹni tó ronú rẹ̀ gbọ́n. Kò lè tún ìkòkò náà ṣe kó tún gba omi mọ́. Ó béèrè ohun mìíràn tí amọ̀ sísun lè ṣe, ó sì rí i pé ó le ju erùpẹ̀ lọ.

Ẹ wo àwọn ìyá tó ń gán igbá tó ya. Ẹ wo àwọn aláró, tí iṣẹ́ wọn kò lè yọrí láìsí omi eérú, àti àwọn tó ń fi eérú èèpo kòkó ṣe ọṣẹ dúdú. Èèpo yẹn tí àgbẹ̀ ń kó jọ sábẹ́ igi ní oko, tó bá pẹ́ níbẹ̀, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú á gbà á ṣe ilé. Ẹni tó kó o lọ sun ti ṣe oko lóore, ó sì ti rí ọṣẹ. Iná kú, ó feérú bojú. Ọmọdé ń pa òwe yẹn, kò mọ̀ pé eérú fúnra rẹ̀ ṣì lóko tó ń lọ.

Ẹni tó kọ́ mi pé mi ò tíì mọ ohun gbogbo nípa pàǹtí, oníṣẹ́ ọnà ni. El Anatsui ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gánà ni, àmọ́ Nsukka ló ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti 1975 títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, ó rí àpò ìdérí ìgò ọtí tí wọ́n ti jù nù. Àwọn ìdérí yẹn, alumíníọ̀mù ni. Mo mọ̀ wọ́n. Nínú iná mi, kò sí ohun tó burú tó wọn: wọ́n fẹ́lẹ́ ju agolo lọ, ọ̀dà ló bo ìdajì wọn, rọ́bà ń bẹ nínú òmíràn, ohun tó ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá jó kò tó ohun tí èèyàn fi ń ṣe ṣíbí. Ẹni tó bá gbé wọn wá, mo máa ń ní kó gbé wọn padà sílé. Ọkùnrin yìí kò yọ́ wọn. Ó tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ó ká òmíràn, ó gé òmíràn, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, títí wọ́n fi di aṣọ irin tó ṣeé kọ́ sára ògiri, tó ń wó wálẹ̀ bí aṣọ gidi, tó ń dán bíi wúrà àti ẹ̀jẹ̀. Ní 2015, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ní 2023, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù. Àní ohun tí ìsọ̀ tèmi kọ̀!

Àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo rí, lórí fóònù ọmọ mi, ó sì gbà mí lákòókò. Nǹkan tó mú mi níbẹ̀ ni pé ọ̀dà tó ń bà mí nínú jẹ́, òun gan-an ló fẹ́. Pupa, ìyeyè àti dúdú tí ilé iṣẹ́ ọtí kùn ún ni àrà tó ń dá. Ní Àjàṣẹ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, oníṣẹ́ ọnà mìíràn, Romuald Hazoumè, ń fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń kó bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Benin ṣe ojú èèyàn. Ó to 304 nínú wọn bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì gbé e sí gbangba ní 2007. N kò lè ṣe irú rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà náà, ohun tí mo bá kọ̀, mo máa ń sọ pé èmi ni kò rí ìlò rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń di ìjà láàárín èmi àti àwọn tó ń tà fún mi ni ọ̀rọ̀ òjé. Òjé kì í sábà dá wá. Ó máa ń fara pa mọ́. Á wà lára ibi tí wọ́n ti jó rédíétọ̀, á wà nínú ọ̀dà àtijọ́, á wà lára ẹ̀yà bátìrì tí wọ́n ti kì bọ ìsàlẹ̀ àpò. Ó wúwo, ẹni tó ń ta ọjà ní kílò kò sì kórìíra ohun tó wúwo. Òjé tó dá wà kò ṣòro láti mọ̀, ọ̀bẹ ń gé e, ó sì ń kọ sára bébà bíi pẹ́ńsùlù. Tó bá ti yọ́ mọ́ irin mìíràn, ó parí, ojú kò rí i mọ́. Kò ní òórùn, kò ní adùn, ọbẹ̀ inú ìkòkò náà á dùn bí ó ti máa ń dùn, ọmọ tó ń jẹ ẹ́ ni ọpọlọ rẹ̀ á máa san gbèsè. Ní Zamfara, ní 2010, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ni òjé pa níbi tí àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta wúrà. Ìyẹn kì í ṣe ti ìkòkò, àmọ́ òjé kan náà ni.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìkòkò wa yìí tí wọ́n rà ní Kamẹrúùnù. Wọ́n fi omi kíkan sè nínú rẹ̀, wọ́n sì bá òjé nínú omi náà. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kàn wá, inú bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ní àwọn tó ń ta ìkòkò ilẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ ba ọjà wa jẹ́. N kò bá wọn lọ síbi ìjà yẹn. Bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú òṣùwọ̀n kò ní tẹ̀ fún ìbínú. Ohun tó kù fún wa ni láti tún ọwọ́ wa ṣe. Òjé ní àyè tirẹ̀. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń wọ̀ ọ́, ọwọ́ sì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí, wọn kì í fi se ẹ̀wà.

Nítorí náà, ohun tó bá ti ní ibi jíjó lára, ohun tó ní ọ̀dà àtijọ́ tí n kò mọ ìdí rẹ̀, ohun tó ti bá bátìrì gbé inú àpò kan, kì í wọ inú ìkòkò oúnjẹ lọ́dọ̀ mi. Mo ń pàdánù owó lórí rẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ẹ̀rọ kan wà tó ṣeé mú lọ́wọ́, tí wọ́n ń na ẹnu rẹ̀ sí irin, tó sì máa ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ó ti wọ́n jù fún ẹnì kan. Kò wọ́n jù fún ẹgbẹ́. A ń dá owó òkú, a ń dá owó aṣọ ẹbí, kí ló dé tí a ò lè dá owó ẹ̀rọ yẹn? Mo ti sọ ọ́ nípàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ń bọ̀ wá tún un sọ. Kó tó dé, ẹ̀yin tó ń se oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì tàbí ohun kíkan sùn mọ́jú nínú ìkòkò irin. Ẹ dà á sí abọ́ mìíràn.

Ti wáyà iná rọrùn ju ìyẹn lọ. Bí wáyà NẸ́PÀ bá ń dán, tí ibi tí wọ́n ti gé e ṣì mọ́ tónítóní, mo máa ń béèrè ibi tó ti wá, ẹni tó gbé e wá á sì rántí lójijì pé òun ń kánjú. Àlòkù ni ohun tó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Wáyà tó gbé iná lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ àná kò tíì parí iṣẹ́ kankan.

Àwọn oníṣòwò ti ń kó àlòkù alumíníọ̀mù gba Èkó lọ sí ilẹ̀ Éṣíà báyìí, èyí tó sì kù fún wa ti gbówó lórí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń kùn sí i. Èmi ò lè bínú tán, ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa gbà pé nǹkan gidi ló wà nínú àpò yẹn. Mi ò kàn rò pé á dé báyìí, pẹ̀lú kọ̀ǹténà.

Ohun tó ń jẹ mí lógún báyìí wà lẹ́yìn ìsọ̀. Gbogbo ìgbà tí irin bá yọ́, ìdàrọ́ á léfòó sí ojú rẹ̀, a ó fi ṣíbí gígùn kó o kúrò. Tó bá tutù, àwọn ọmọ á gún un nínú odó, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á rí hóró alumíníọ̀mù díẹ̀ tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn á padà sínú iná. Èyí tó kù lẹ́yìn jíjọ̀, ìyẹ̀fun eléérú ni. Ó ti di òkìtì. Bí òjò bá pa á, òórùn rẹ̀ á máa ta èèyàn nímú bí ìtọ̀ inú ilé ewúrẹ́, n kò sì fẹ́ kó ṣàn wọ odò. A fi páànù bò ó.

A ti pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì ṣe búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù náà wú bíi búrẹ́dì, ó sì sán. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́ ńbẹ̀ kí ọmọ mi tó bá mi kà á pé wíwú yẹn kì í ṣe àrùn. Láti nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń dìídì fi ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù sínú irú búlọ́ọ̀kù kan ní Sweden, kí ó lè wú, kí ó sì fúyẹ́. Tiwọn ní òṣùwọ̀n, tiwa ò ní. Ní báyìí a ń kọ́kọ́ rẹ ìdàrọ́ náà sínú àgbá omi ní gbangba, níbi tó jìnnà sí iná, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, kí a tó fi díẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn fúyẹ́, kò sán, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì ń rún lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ní yanrìn ló kéré. Èmi rò pé ìdàrọ́ ló ṣì pọ̀ jù. A ó ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì kọ orúkọ sí wọn lára.